Ọwọ́ Ọ̀tún Ìyá Mi àti Eré Tí Mo Fi Tẹ̀sùbáà Ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ nínú mi, òní ni mo fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé iṣẹ́ tó bá sú ọ, sọ ọ́ di eré, á rọrùn. Abọ́ fífọ̀, sọ ọ́ di eré. Ìwé kíkà, sọ ọ́ di eré. Àdúrà pàápàá, ẹ sọ ọ́ di eré kó má bàa sú àwọn ọmọ! Ṣé ó dáa ni àbí kò dáa? Èmi gan-an ló yẹ kí ẹ bi. Mo ti ṣe é rí. Ó ràn wá lọ́wọ́, ó sì kù díẹ̀ kó ba gbogbo nǹkan jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Tíṣà praimárì tú ni mí ní Likosi nígbà yẹn, mo sì gbóná! Kò sí ohun tí mi ò lè fi eré kọ́ ọmọ. Ìṣirò, pàtẹ́wọ́ ni. Sípẹ́lì, ìfò ni. Hẹ́dímásítà wa máa ń sọ pé kíláàsì mi ló ń pariwo jù, èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni sà, àmọ́ ẹ wo máàkì wọn.

Ìyá mi ńkọ́? Sábó, ní Ṣàgámù, ló ń gbé, iṣẹ́ obì ló sì ń ṣe. Obì gbànja. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí á rò pé kéèyàn ṣáà ra obì kó sì tà á ni. Rárá o! Ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi títí awọ funfun tó bo ara rẹ̀ á fi rọ̀, ẹ ó wá bó awọ yẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ṣà á, ẹ ó fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kó o sí i. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà á ti gbé e lọ sí òkè Ọya. Ìyá mi lè bó obì kó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ kó máa wo ibòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró.

Ọwọ́ kan náà yẹn ló fi ń ka tẹ̀sùbáà. Lọ́jọ́ Sunday, tí àwọn obìnrin bá pé sí Àsàlátù, òun ló máa ń ṣáájú. Á sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á gbà á, ìlẹ̀kẹ̀ á máa lọ. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo mọ́ṣáláṣí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan yí padà. Ó kírun Sùbúhì tán, ó fẹ́ dìde lórí ẹní, ó sì ṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń bó obì, Ìyá Rísì, ló bá a níbẹ̀. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀ yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Ọmọdé náà ni mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọlọ́run ṣe é, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọwọ́ yẹn kò tíì kú pátápátá. Ó ní kí á máa lò ó lójoojúmọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, kó máa mú nǹkan, kó máa tú nǹkan, torí tí a bá fi í sílẹ̀, ó lè le gan pa sójú kan títí ayé. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan? Kí nọ́ọ̀sì máa wò mí!

Ọkọ mi wà ní Simawa. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi títí ara rẹ̀ á fi mókun, ó sì gbà. Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Bí mo bá ti ti Likosi dé lọ́sàn-án, mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ìyá mi nìyẹn.

Àmọ́ ìyá mi kọ̀! Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo bá a na ìka, ó fà á padà. Mo fún un ní bọ́ọ̀lù aláṣọ kó máa fún un, ó jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lẹ́nu, àmọ́ mo gbọ́ ọ. Ó ní Ọlọ́run ló fún òun lọ́wọ́, Ọlọ́run ló gbà á padà. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wò ó. Mo ní kó fi ọwọ́ òsì kà á kí á tó rí bí Ọlọ́run á ṣe ṣe é. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. Òun? Kí òun máa fi ọwọ́ òsì ka orúkọ Ọlọ́run?

Ẹ̀rù bà mí nígbà náà. Ọwọ́ yẹn nìkan kọ́ ló ń kú lọ, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Mo wá sọ fún ara mi pé kò ní ṣẹlẹ̀, kò ní ṣẹlẹ̀ lójú èmi Ráfátù. Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé? Eré. Ó parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé abọ́ obì rírẹ méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní Màmá, ẹ̀yin àti èmi la jọ máa bó obì lónìí, ìdíje ni. Ẹ̀yin ọwọ́ ọ̀tún tó ń ṣàìsàn, èmi ọwọ́ òsì tí kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bó márùn-ún ló jẹ. Ìyá Rísì ni réfírì! Ìyá Rísì bú sẹ́rìn-ín, ó fi ike omi rẹ̀ lu ilẹ̀, ó ní ó yá.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Obì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi kiri ilẹ̀! Ìyá mi wò mí títí, ó wo ọwọ́ òsì mi tó ń ṣe játijàti, ẹnu rẹ̀ tó wọ́ yẹn sì ṣí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò há obì kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àlásárì. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ìka méjì fi ń gbéra dáadáa. Mo ń yan kiri Sábó! Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé èmi ni mo fi eré wo ìyá mi sàn.

Ṣé ẹ rí i, bí nǹkan bá ń dáa, àwa èèyàn kì í mọ ibi tó yẹ kí á dúró. Mo wo tẹ̀sùbáà lára ìṣó. Mo ní kí ló dé tí èyí náà kò fi ní di eré? Ìka náà ni, ìlẹ̀kẹ̀ sì nìyẹn. Mo yá ti Ìyá Rísì lò, mo fún ìyá mi ní tirẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìparí á ju obì kan sínú abọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí, a ó ka obì tó wà nínú abọ́, a ó mọ ẹni tó gbégbá orókè.

Ìyá mi kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Àmọ́ ó fẹ́ràn kó máa jẹ́ òun ló ṣáájú, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú tẹ̀sùbáà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rọra ń lọ. Ọjọ́ kẹta, ó ti ń sáré. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹwàá, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún bí òjò orí páànù, ìyá mi ń gan mí pé èmi tíṣà gbogbo, ara ìgbín! Inú mi dùn dé ọrùn. Mo ní ẹ wá wo àdúrà o, ẹ wá wo ẹni tí kò fẹ́ wo tẹ̀sùbáà lọ́jọ́sí!

Ọjọ́ Thursday kan ló bẹ́. A wà lẹ́nu ìdíje. Lójijì, ìyá mi dúró. Ó di ìlẹ̀kẹ̀ kan mú láàárín ìka, kò tì í lọ, kò dá a padà. Mo rò pé ọwọ́ tún ti kọ̀ ni. Ó wò mí.

“Ráfátù, kí ni mò ń sọ?”

Mo ní Màmá, báwo?

Ó ní, “Kí ni mò ń sọ lẹ́nu? Subuhanallahi ni àbí Alihamudulilahi? Èwo la wà?”

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀! Mo wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi, mi ò mọ èyí tí mo wà. Ẹnu mi kò tilẹ̀ mì. Ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni mò ń fà. Àwa méjèèjì ló ń fa ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń fa okùn kànga.

Ìyá mi gbé tẹ̀sùbáà sórí ẹní, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Mo fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ọjọ́ kejì ni Ìyá Rísì lọ ṣí apẹ̀rẹ̀ tí a ti dì fún oníbàárà. Obì tí a fi ń díje la kó síbẹ̀. Ó ká ewé kúrò, òórùn gbà á lójú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ obì, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí èékánná bá ha obì lára, ibi tó ha yẹn ló ti máa jẹrà, á sì kó ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú sáré-sáré wa, a ti ha wọn jàgajàga! Ìyá Rísì fẹ́ rọra dà á nù kó má jẹ́ kí ìyá mi mọ̀, àmọ́ ta ló lè fi òórùn obì tó jẹrà pamọ́ fún ìyá mi? Ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó mú ọ̀kan, ó yí i wò, ó fi hàn mí. Ojú èékánná wà lára rẹ̀ gbangba.

Ó ní eré parí.

Mo bínú o! Kí n má purọ́. Mo ní ẹ wo ìka yín, Màmá, ẹ wò ó! Ṣebí eré ló gbé e dìde! Obì kan lásán ló bàjẹ́, ẹ sì fẹ́ kí ọwọ́ bàjẹ́ tẹ̀ lé e?

Bí inú bá bí ìyá mi, èdè Rẹ́mọ tí bàbá rẹ̀ sọ fún un ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

“Ìwẹ ọmọ yí,” ó ní, “éè ṣe ọwọ́ nìkan ni mí. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi ò sí níbẹ̀. Mo ń rìn lọ bọ̀ níwájú Ọlọ́run, mi ò kí i.”

Ó wá fi kún un pé, ṣé mo rò pé òun kò rí i ni? Pé nígbà tí obì bá ku ọ̀kan, èmi a máa dẹwọ́ kí òun lè jẹ? Ó ní òun kì í ṣe ọmọ praimárì tú.

Ìtìjú bò mí. Òótọ́ ló sọ. Mo ti ń dẹwọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń ka ọjọ́ náà bí ẹni ń ka ọjọ́ ìdánwò. Ìka tó ti ń gbéra tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká bọ̀. Mo ronú eré tuntun mọ́kànlá, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé kò sí èyí tó máa gbà. Lálẹ́, mo máa ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò ní ṣíwọ́, pé kó ṣáà fi ohun tí mo máa ṣe hàn mí.

Ọjọ́ kẹwàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìyá mi ní ìta níwájú abọ́ obì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Ìyá Rísì gbé e jáde. Ó ní kí n wá jókòó. Kò sí ìdíje. Ó ní kí n mú obì kan, ọ̀kan péré, kí n fi ọwọ́ òsì bó o, kò sì gbọdọ̀ ní ojú èékánná kan lára. Kí n pa ojú dé, kí n fi orí ìka wá ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́, kí n ti ibẹ̀ wọlé.

Mo gbìyànjú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn yí i wò, ó pẹ́ kó tó yí i tán. Ó ní èyí tí mo bó yìí, ṣé obì ni àbí mo bá ológbò jà? Ìyá Rísì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú! Mo mú òmíràn. Ó ní ó ti ń rẹ ológbò yìí díẹ̀. Ìgbà náà ló wá mú tirẹ̀. Ó pa ojú dé. Mo wo àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe ń wá ọ̀nà lára obì, tó ń gbọ̀n, tó dúró, tó tún ń lọ. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó bó o tán, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó ń dán.

Ẹ rí i pé eré ṣì wà níbẹ̀? Ẹ̀fẹ̀ wà, yẹ̀yẹ́ wà, a rẹ́rìn-ín ju ti ìdíje lọ. Àmọ́ kò sí ohun tó ń lé wa, ojú wa sì wà lára obì.

Tẹ̀sùbáà ńkọ́? Kò jẹ́ kí n dá sí i. Lẹ́yìn ìrun, á mú un, á sọ ọ̀rọ̀ náà tán pátápátá pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ tó wúwo, Su-bu-ha-nal-la-hi, kó tó ti ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́ta! Ó sinmi. Lọ́jọ́ kejì, márùn-ún. Èmi tí mi ò lè jókòó sójú kan, mo jókòó. Ọwọ́ ń yún mi láti bá a ti ìlẹ̀kẹ̀, mo sì há a sábẹ́ itan mi. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́ fún yín, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún ìyá mi, jíjókòó yẹn ló le jù. Àmọ́ mo ṣe é. Ó lé ní oṣù méjì kó tó lè ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tán lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ sí Àsàlátù. Ìyá Rísì ló ti ń ṣáájú láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn. A jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó tó àkókò, Ìyá Rísì dìde níwájú, ó rìn wá sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí ìyá mi. Mo fẹ́ sọ pé ẹ má ṣe é, ẹnu rẹ̀ kò tíì dá, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan, tó pẹ́, tó wúwo. Àwọn obìnrin gbà á bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gbà, kíá, wọ́n sì rí i pé ìyá mi kò tíì ti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Wọ́n dúró. Ó tì í. Ó sọ èkejì. Wọ́n tún sáré gbà á, wọ́n tún dúró. Nígbà tó máa fi di bí ìkẹwàá, kò sí ẹni tó sáré mọ́. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ń lọ bí ìyá mi ṣe ń lọ. Àwọn tó ní iṣẹ́ nílé, àwọn tó ní ọmọ lẹ́yìn, kò sí ẹni tó wo ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ.

A ń padà lọ sílé, mo di apá rẹ̀ mú, mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ó rẹ òun gan-an. Ó rìn díẹ̀ sí i, ó ní, “Àmọ́ ó dùn, Ráfátù. Ó dùn mọ́ mi.”

Kò sí ẹni tó fi eré kankan sí i. Ó dùn mọ́ ọn.

Ìyá mi lo ọwọ́ yẹn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ó bó obì díẹ̀díẹ̀, ó kírun, ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí Ọlọ́run fi pè é.

Nítorí náà, ẹ má gbọ́ pé mo ní eré kò dáa. Eré ló mú ìyá mi kúrò lójú ògiri, mi ò ní sẹ́ ìyẹn láéláé. Tíṣà ni mí, títí mo fi fẹ̀yìn tì ni àwọn ọmọ fi ń fò nínú kíláàsì mi! Ohun tí mo kọ́ ni pé kí eré ṣí ilẹ̀kùn, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí iṣẹ́ bá di ká ṣáà jẹ, bí àdúrà bá di ká ṣáà parí rẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu. Ẹni tí ẹ sì ń ràn lọ́wọ́, ẹ má dẹwọ́ fún un bí ọmọdé. Ẹ jókòó tì í.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sọ di eré rí, fún ọmọ yín, fún òbí yín, fún ara yín? Ṣé ó dáa fún yín, àbí ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ má gé e kúrú. Mò ń gbọ́, mi ò sì kánjú.